Kọ̀ǹpútà Nínú Kọ̀ǹpútà: Bí Ẹ Ṣe Lè Lo Linux Láì Pa Windows Yín Rẹ́

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, kí n tó múra ṣọ́ọ̀ṣì tán, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ilẹ̀kùn mi ní Kubwa, lágbègbè Abuja. Láti Nyanya ló ti wá, láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wà lábẹ́ abíyá, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n. Wọ́n ti sọ fún un níbi tó ti ń kọ́ iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì pé kó lọ fi Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, sórí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó gbà á sínú fláàṣì, ó tan ẹ̀rọ, ó ń tẹ Continue, ó tún ń tẹ Continue, títí tó fi dé ibi tí wọ́n ti bi í bóyá kí àwọn pa gbogbo ohun tó wà lórí dísíkì rẹ́. Ó ní, "Bọ̀dá, mo rò pé inú fláàṣì yẹn ni wọ́n ń sọ ni." Iṣẹ́ àṣekágbá yunifásítì rẹ̀, orí mẹ́ta tó ti kọ, wà lórí dísíkì yẹn. Orí kìíní nìkan la rí gbà padà, nítorí pé ó ti fi ímeèlì fi í ránṣẹ́ sí olùkọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Orí kejì àti ìkẹta lọ pátápátá.

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá bi mí nípa Linux, n kì í jẹ́ kó fọwọ́ kan dísíkì rẹ̀ mọ́. Mo máa ń jókòó tì í, kí a jọ tan kọ̀ǹpútà kan nínú kọ̀ǹpútà tó ti ní. Virtual machine ni orúkọ rẹ̀, VM la sábà máa ń pè é. Bí ẹ bá tẹ̀ lé ohun tí mo kọ sílẹ̀ yìí, ọ̀sán kan tó láti ṣe é, ohunkóhun tí ẹ bá sì bà jẹ́ níbẹ̀ kò ní kọjá ibẹ̀.

Onílé àti àlejò

Windows tó wà lórí láptọ́ọ̀pù yín ni onílé. Linux tí ẹ fẹ́ gbé wọlé ni àlejò. Sọ́fítíwíà tí ẹ máa fi sáàárín wọn ló máa yọ yàrá kan fún àlejò: á gé díẹ̀ fún un lára RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, á yá a ní apá kan lára CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, á sì fún un ní dísíkì. Dísíkì yìí gan-an ló yẹ kó yé yín dáadáa, torí òun ló ń dáàbò bò yín. Kì í ṣe dísíkì gidi. Fáìlì ńlá kan ṣoṣo ni, tó wà nínú fódà lórí Windows yín bí fídíò àti orin ṣe máa ń wà. Àlejò ò mọ̀. Lójú tirẹ̀, odindi kọ̀ǹpútà ló wà níwájú òun, òun nìkan ló sì ni ín. Bó bá ní òun fẹ́ pa gbogbo dísíkì rẹ́, inú fáìlì yẹn ni agbára rẹ̀ mọ.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. IBM ti ń ṣe é lórí àwọn kọ̀ǹpútà ràgàjì ní àwọn ọdún 1960, wọ́n sì gbé VM/370 jáde ní 1972, kí ọ̀pọ̀ èèyàn lè jọ máa lo ẹ̀rọ olówó iyebíye kan ṣoṣo, kí kálukú sì rò pé tòun nìkan ni. Ohun tó yàtọ̀ lónìí ni pé láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ lásán lè ṣe é.

VirtualBox ni mo ń lò, òun ni mo sì máa fi ṣàlàyé. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Innotek ní Jámánì ló gbé e jáde ní 2007. Sun Microsystems ra Innotek ní 2008, Oracle sì ra Sun ní 2010, ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí orúkọ Oracle lára rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. VMware Workstation Pro náà ti di ọ̀fẹ́ láti 2024, iṣẹ́ rẹ̀ sì dára, àmọ́ ó di dandan kí èèyàn forúkọ sílẹ̀ kó tó rí i gbà, ọ̀nà ibẹ̀ sì gùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ yẹ ẹ̀rọ yín wò kí ẹ tó fi dátà ṣòfò

Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Task Manager á ṣí. Ẹ lọ sí Performance, kí ẹ tẹ Memory. Iye RAM yín wà lókè lọ́wọ́ ọ̀tún.

Nílé wa, àlejò la kọ́kọ́ máa ń gbé oúnjẹ fún. Níbí, òdìkejì rẹ̀ ni. Onílé gbọ́dọ̀ jẹ yó kí àlejò tó fọwọ́ kan àwo, torí bí ebi bá pa Windows, àwọn méjèèjì ló máa dúró sójú kan, ẹ ò sì ní lè gbé máùsì. Bí RAM yín bá jẹ́ 8GB, ẹ fún àlejò ní 3GB, ẹ má ṣe kọjá ibẹ̀. Bó bá jẹ́ 16GB, 4GB sí 6GB dára. Bó bá jẹ́ 4GB lẹ ní, tí Windows sì ni onílé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dúró ná. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọmọ, ìyà lásán ni. Ẹ kọ́kọ́ fi RAM kún un. Bí ẹ bá ń lọ sí Wuse 2 láti rà á, yálà ní Banex tàbí Emab, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù náà dání, kí wọ́n tú ẹ̀yìn rẹ̀ níṣojú yín. RAM irú DDR3 ò lè wọ ojúhò DDR4, àwọn ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan sì wà tí wọ́n ti lẹ RAM wọn mọ́ pátákó inú ẹ̀rọ pátá, tí kò sí ohun tí a lè fi kún un.

Ẹ wo dísíkì náà. Bí ẹ bá ti ní SSD, dísíkì ìgbàlódé tí kì í yí, ẹ ti bọ́. Bó bá jẹ́ háàdì dísíkì àtijọ́ tó ń yí, VM á ṣiṣẹ́, àmọ́ á máa rìn bí aláboyún. Ẹni tí owó rẹ̀ bá tó ohun kan ṣoṣo, tí RAM rẹ̀ sì ti tó 8GB, SSD ni kó rà. Ẹ rí i pé ó kéré tán 40GB ṣófo.

Ẹ ṣì wà nínú Task Manager yẹn. Ẹ tẹ CPU, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Virtualization, agbára tí CPU fi ń gbé VM, sí nísàlẹ̀. Bó bá ní Enabled, ẹ fo ìpínrọ̀ méjì tó tẹ̀ lé èyí.

Bó bá ní Disabled, kì í ṣe pé ẹ̀rọ yín ò dáa. Láti nǹkan bí 2006 ni Intel àti AMD ti ń fi agbára yìí sínú CPU wọn, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe láptọ́ọ̀pù sábà máa ń tì í pa kó tó jáde nílé iṣẹ́. Inú BIOS, ojú ìwé ètò ẹ̀rọ tó máa ń ṣí kí Windows tó jí, lẹ ti máa ṣí i. Ẹ ka ìpínrọ̀ tó tẹ̀ lé èyí ná kí ẹ tó wọ ibẹ̀. Ẹ pa ẹ̀rọ náà, ẹ tan án padà, kí ẹ sì máa tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń wọ BIOS léraléra kí àmì Windows tó yọ. Lórí HP, Esc ni, lẹ́yìn náà F10. Lórí Dell, F2. Lórí ThinkPad, F1. Ojú ìwé tó máa ṣí kò lẹ́wà, máùsì lè má ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọfà orí kíbọ́ọ̀dù lẹ máa fi rìn. Ẹ wá ibi tó bá ti mẹ́nu ba Virtualization. Àwọn kan kọ ọ́ sí Security, àwọn kan sí Advanced tàbí System Configuration. Lórí ẹ̀rọ tí CPU rẹ̀ jẹ́ AMD, SVM Mode ni wọ́n sábà máa ń pè é. Ẹ yí i sí Enabled, ẹ tẹ F10 láti fi í pamọ́. Ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn níbẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe kí ẹ tó wọ BIOS: bí BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti dísíkì pa, bá ń ṣọ́ dísíkì yín, ó lè béèrè recovery key lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ padà. Ẹ wá kọ́kọ́rọ́ yìí nínú àkáǹtì Microsoft yín, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí tirẹ̀, kó má tíì wọlé síbẹ̀.

Ẹ gba ohun méjì sílẹ̀

VirtualBox fúnra rẹ̀ kò wúwo. Orí virtualbox.org ni kí ẹ ti gbà á, ẹ tẹ Windows hosts. Ẹ má gbà á níbòmíràn, torí àwọn tó ń fi kòkòrò sínú sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ pọ̀.

Ohun kejì ni Linux. Mo máa ń gba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n mú Linux Mint, ọ̀kan lára oríṣiríṣi Linux tó wà, ní ẹ̀dà tó ń jẹ́ Xfce. Ó jọ Windows lójú, kì í jẹ RAM púpọ̀, Mint 22 sì ṣì máa rí àtúnṣe ààbò gbà títí di 2029. Ubuntu, irú Linux mìíràn, dára, àmọ́ ó ń fẹ́ RAM ju bẹ́ẹ̀ lọ, fáìlì rẹ̀ sì tóbi ju ti Mint lọ dáadáa. Orí linuxmint.com ni Mint wà. Fáìlì rẹ̀ ń parí sí .iso, nǹkan bí 3GB ni. Ẹ dúró di òru bí dátà òru bá wọ́n díẹ̀ fún yín, tàbí kí ẹ gbà á lọ́dọ̀ ẹni tó ti ní. Kò sí ohun tó burú nínú kí ọ̀rẹ́ dà á kọ fún ọ̀rẹ́. Ọ̀fẹ́ ni Linux, òfin rẹ̀ sì gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọgbà wa, èèyàn kan ṣoṣo ló gbà á sílẹ̀, fláàṣì sì gbé e dé ilé méje.

Ṣùgbọ́n fáìlì tó bá ti ọwọ́ dé ọwọ́, tàbí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já mọ́ lẹ́nu nígbà mẹ́rin, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ṣí Command Prompt, ojú dúdú tí a ti ń kọ àṣẹ fún Windows, ẹ wọ fódà tí fáìlì náà wà (bíi cd Downloads), kí ẹ sì kọ:

certutil -hashfile orúkọ-fáìlì.iso SHA256

Ó máa kọ òǹkà gígùn kan tó pa nọ́ńbà pọ̀ mọ́ lẹ́tà. Ẹ fi wé èyí tí Mint fúnra wọn kọ sórí ojú ìwé wọn nínú sha256sum.txt. Ẹ wo lẹ́tà mẹ́fà àkọ́kọ́ àti mẹ́fà ìkẹyìn, lẹ́yìn náà kí ẹ wo àárín. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀, fáìlì náà ti bàjẹ́ tàbí ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án. Ẹ jù ú nù.

Ẹ gbé VirtualBox sórí ẹ̀rọ

Ẹ tẹ fáìlì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá ṣàròyé pé òun ń wá Microsoft Visual C++ Redistributable, ẹ gba ìyẹn lórí ìkànnì Microsoft, ẹ fi í sórí ẹ̀rọ ná, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ padà. Ó tún máa kìlọ̀ ní lẹ́tà pupa pé òun máa já íntánẹ́ẹ̀tì yín fún ìgbà díẹ̀. Òótọ́ ni, kò sì burú, àmọ́ bí ẹ bá ń gba nǹkan mìíràn sílẹ̀ lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó parí. Bó bá sọ̀rọ̀ nípa Python, ẹ tẹ Yes kí ẹ máa lọ. Ẹ ò nílò rẹ̀.

Ìyókù, Next ni títí dé òpin.

Ẹ yọ yàrá fún àlejò

Ẹ ṣí VirtualBox, ẹ tẹ New. Ẹ fún un ní orúkọ tó ní ìtumọ̀, bíi MintIléẹ̀kọ́. Ẹni tó bá pe méjì ní test àti test2 máa pa èyí tí kò yẹ kó pa rẹ́ lọ́jọ́ kan. Ní ISO Image, ẹ nawọ́ sí fáìlì .iso yẹn. Ẹ wá wo ibi tó bá ti mẹ́nu ba Unattended Installation. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé VirtualBox fẹ́ bá yín ṣe gbogbo rẹ̀ láì bi yín ní nǹkan kan. Ẹ má gbà fún un. Ẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín ṣe é kó lè yé yín, àti pé bó bá ṣe é fúnra rẹ̀, ó lè fi yín sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ kò mọ̀.

Ní Base Memory, ẹ kọ 3072, ìyẹn 3GB, bí ẹ bá ní 8GB. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó ní àwọ̀ ewé àti pupa. Ẹ má kọjá àwọ̀ ewé. Ní Processors, ẹ mú 2. Ní Hard Disk, ẹ kọ 30GB, kí ẹ sì fi àpótí Pre-allocate Full Size sílẹ̀ láì mú un. Báyìí, fáìlì náà á bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, á sì máa tóbi bí ẹ bá ṣe ń kó nǹkan sí i. Ó ń tóbi o, kì í fúnra rẹ̀ sún kì. Bí ẹ bá pa nǹkan rẹ́ nínú àlejò, ààyè yẹn kì í padà sọ́dọ̀ onílé.

Ẹ tẹ Finish. Kí ẹ tó tan án, ẹ wọ Settings, Display, kí ẹ fa Video Memory dé 128MB.

Ẹ tan án

Ẹ tẹ Start. Ẹ ó rí i bí ojú kọ̀ǹpútà kékeré kan ṣe máa yọ lójú kọ̀ǹpútà yín, tó ń tan bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ bọ́tìnnì iná rẹ̀. Mo ti rí i nígbà tí kò lóǹkà, inú mi ṣì máa ń dùn sí i.

Bí máùsì bá há sínú rẹ̀ tí kò jáde mọ́, ẹ tẹ Ctrl apá ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan. Bọ́tìnnì yìí ni VirtualBox ń pè ní Host key. Ẹ tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ F, àlejò á gba gbogbo ojú ẹ̀rọ; ẹ tún tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, á padà. Àwọn láptọ́ọ̀pù kan ò ní Ctrl lápá ọ̀tún. Ẹ lè yàn bọ́tìnnì mìíràn nínú Preferences.

Mint á ṣí. Ẹ lè rìn yí ká nínú rẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Install Linux Mint lẹ́ẹ̀mejì. Á bi yín ní èdè, á bi yín ní irú kíbọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà ló máa gbé ọ̀rọ̀ kan síwájú yín: Erase disk and install Linux Mint.

Gbólóhùn yìí ló pa orí kejì àti ìkẹta ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rẹ́. Nígbà tí mo jókòó tì í lọ́jọ́ tó tún un ṣe nínú VM, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́." N ò bá a tẹ̀ ẹ́. Mo ní kó wo iye dísíkì tí wọ́n kọ síbẹ̀ ná. Nǹkan bí 32GB ni ó rí (30GB tí a yọ nínú VirtualBox nìyẹn, bí Mint ṣe ń kà á ló yàtọ̀ díẹ̀), nígbà tí dísíkì láptọ́ọ̀pù rẹ̀ jẹ́ 500GB. Yàrá àlejò nìyẹn. Ẹ̀yin náà, ẹ wo iye yẹn kí ẹ tó tẹ Install Now. Bó bá bá ohun tí ẹ yọ fún un mu, tí ojú ìwé náà sì wà nínú VirtualBox, ẹ tẹ̀ ẹ́ láìfòyà. Bó bá jẹ́ iye gbogbo dísíkì láptọ́ọ̀pù yín lẹ rí, ẹ ò sí nínú VM o. Ẹ jáde kíá.

Bó bá béèrè ibi tí ẹ wà, ẹ mú Lagos. Abuja ò sí lára ìlú tí wọ́n fi ń ka àkókò. Wákàtí kan náà ni gbogbo Nàìjíríà ń lò. Ẹ kọ orúkọ yín, ẹ yan ọ̀rọ̀ aṣínà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó lè gbà tó ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó bá ní kí ẹ yọ installation medium kí ẹ tẹ Enter, ẹ tẹ Enter.

Kí àlejò àti onílé lè máa sọ̀rọ̀

Ní báyìí, ojú Linux yín lè kéré, ẹ ò sì lè da ọ̀rọ̀ kọ láti Windows sínú rẹ̀. Guest Additions, àfikún tí VirtualBox ń fún àlejò, ló ń tún ìyẹn ṣe. Ẹ ṣí Terminal, ibi tí a ti ń kọ àṣẹ, nínú Mint, kí ẹ kọ ìlà méjì yìí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì:

sudo apt update

sudo apt install build-essential dkms linux-headers-$(uname -r)

Tí ẹ bá ń kọ ọ̀rọ̀ aṣínà, kò ní sí àmì kankan tó máa hàn. Kíbọ́ọ̀dù yín ò bàjẹ́, bí Linux ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹ wá lọ sí mẹ́nù Devices lókè ojú VirtualBox, ẹ tẹ Insert Guest Additions CD image. CD kan á yọ lórí Mint. Ẹ ṣí i, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máùsì tẹ ibi tó ṣófo nínú rẹ̀, ẹ mú èyí tó bá mẹ́nu ba Terminal, kí ẹ kọ:

sudo sh VBoxLinuxAdditions.run

Bó bá parí, ẹ tan àlejò padà. Ojú rẹ̀ á máa fẹ̀ bí ẹ bá ṣe fẹ̀ ẹ́. Nínú Devices kan náà, ẹ yí Shared Clipboard sí Bidirectional.

Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n jọ máa lo fódà kan, ẹ wọ Settings, Shared Folders, ẹ fi fódà Windows kan kún un, kí ẹ mú Auto-mount. Á hàn nínú Mint lábẹ́ /media, orúkọ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sf_. Mint á kọ́kọ́ lé yín jáde níbẹ̀, títí ẹ ó fi kọ sudo usermod -aG vboxsf $USER, tí ẹ ó sì tan àlejò padà. Fódà kékeré kan tí kò ní nǹkan pàtàkì nínú ni kí ẹ fún un. Ẹni tó bá pín gbogbo Documents rẹ̀ fún àlejò ti ṣí ilẹ̀kùn yàrá tó yẹ kó wà ní títì.

Dátà tó ń jò

Èyí ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń lo hotspot fóònù kà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ lè ti sọ fún Windows yín pé dátà tí a ń rà ni íntánẹ́ẹ̀tì yín, kó má máa gba àtúnṣe sílẹ̀ láì béèrè. Àlejò kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. VirtualBox ń fún un ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń jẹ́ NAT, tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì Windows yín kọjá. Àlejò rò pé wáyà ni wọ́n fà fún òun, bíi ti ọ́fíìsì ńlá tí dátà rẹ̀ kì í tán. Mo mọ arábìnrin kan ní Lugbe tó gbé Windows sínú VM lálẹ́, tó jí lówùúrọ̀, tó bá dátà oṣù kan ní òfo.

Bí ẹ ò bá nílò íntánẹ́ẹ̀tì nínú àlejò, ẹ lọ sí Devices, Network, kí ẹ yọ àmì kúrò lára Connect Network Adapter. Ó dà bí ẹni pé ẹ fa wáyà náà yọ. Ẹ fi í padà nígbà tí ẹ bá fẹ́.

Bí iná bá lọ

Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí bátìrì rẹ̀ ti kú pọ̀ lọ́wọ́ wa. Bí iná bá lọ nígbà tí VM ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ méjì ló kú lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó sì wà nínú ló sábà máa ń fara pa jù, torí ohun tó ń kọ sínú dísíkì rẹ̀ lè máà tíì délẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo tan Mint padà, ó gbé mi sí ojú dúdú kan tí wọ́n kọ initramfs sí. Wọ́n ti kọ orúkọ apá dísíkì tó fara pa síbẹ̀. Mo kọ fsck, àṣẹ tó ń tún dísíkì ṣe, orúkọ yẹn, àti -y, bíi fsck /dev/sda2 -y, lẹ́yìn náà exit, ó sì padà bọ̀ sípò. Bí kò bá padà ńkọ́? Ohun tó gbani lọ́jọ́ yẹn ni snapshot.

Snapshot dà bí kí ẹ ya fọ́tò yàrá àlejò bó ṣe rí ní ìṣẹ́jú yìí, kí ẹ lè pàṣẹ lọ́jọ́ iwájú pé kó padà rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ tẹ Host key pọ̀ mọ́ T, ẹ fún un ní orúkọ. Ẹ ya èyí àkọ́kọ́ kété tí Guest Additions bá parí. Ẹ ya òmíràn kí ẹ tó ṣe ohunkóhun tí ọkàn yín ò balẹ̀ sí. Láti padà, ẹ pa àlejò, ẹ lọ sí Snapshots, ẹ mú èyí tí ẹ fẹ́, ẹ tẹ Restore. Ẹ má kó wọn jọ púpọ̀: bí wọ́n ṣe ń pọ̀ ni wọ́n ń jẹ dísíkì onílé. Méjì tàbí mẹ́ta tó.

Bí ẹ bá ń ti VM, ohun mẹ́ta ló máa fi lọ̀ yín. Send the shutdown signal ń sọ fún àlejò pé kó palẹ̀ mọ́ kó sùn. Òun ni kí ẹ máa lò lójoojúmọ́. Save the machine state ń dì í bó ṣe wà, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ẹ ṣí sílẹ̀. Òun ni mo máa ń sáré tẹ̀ nígbà tí iná bá ti ń ṣẹ́jú tàbí tí jẹnẹrétọ̀ bá ti ń sín. Power off the machine ò yàtọ̀ sí kí ẹ fa wáyà yọ lógiri. Ẹ fi sílẹ̀ àfi bí àlejò bá ti dákú pátá.

Ooru náà ńkọ́? VM ń mú CPU ṣiṣẹ́ gan-an, ooru Abuja ní oṣù Kẹta àti Ìkẹrin kò sì fojú rere wo láptọ́ọ̀pù. Ẹ gbé e sórí tábìlì, ẹ má gbé e sórí ibùsùn. Lẹ́yìn ọyẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọn eruku inú fáànù rẹ̀.

Ìjàpá aláwọ̀ ewé

Bí VM bá ń fà gan-an láìnídìí, ẹ wo ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ojú VirtualBox. Bí ẹ bá rí àwòrán ìjàpá kékeré kan níbẹ̀, ohun tó túmọ̀ sí ni pé Windows ti gba agbára virtualization mọ́ra fún ara rẹ̀, VirtualBox sì ń gba ọwọ́ Windows kó tó rí i lò. Ẹ lọ sí Turn Windows features on or off, kí ẹ yọ àmì kúrò lára Hyper-V, Virtual Machine Platform àti Windows Hypervisor Platform, lẹ́yìn náà kí ẹ tan ẹ̀rọ padà. Ẹni tó bá ń lo WSL 2, ohun tí Microsoft fi ń gbé Linux sínú Windows, kò ní lè lò ó mọ́ títí tó fi máa dá a padà. Bí ìjàpá ò bá lọ, Memory Integrity nínú Windows Security ló kù. Ohun ààbò nìyẹn o. Èmi kì í pa á lórí ẹ̀rọ tí mo fi ń wọ báńkì. Mo máa ń fara da ìjàpá.

Ẹni tó fẹ́ Windows nínú Linux

Ọ̀nà kan náà ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé Linux sórí ẹ̀rọ wọn láti ìgbà tí Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025, àmọ́ sọ́fítíwíà ìṣirò kan ṣoṣo ṣì dè wọ́n mọ́ Windows. VM ló ń yanjú ìyẹn. Windows 11 ń fẹ́ TPM 2.0 (ohun kékeré inú ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ààbò rẹ̀), RAM 4GB àti dísíkì 64GB. Láti VirtualBox 7.0 ló ti lè fún àlejò ní TPM. Láísẹ́ǹsì Windows, ìwé àṣẹ láti lò ó, lẹ ó rà fúnra yín. Jíjẹ́ àlejò ò mú un di ọ̀fẹ́.

Ẹ gbé ẹ̀dà kan kúrò lórí ẹ̀rọ náà

Snapshot ò lè gbà yín bí láptọ́ọ̀pù bá sọnù, torí inú rẹ̀ náà ló wà. Ẹ pa àlejò, ẹ lọ sí File, Export Appliance. Gbogbo yàrá náà á di fáìlì kan ṣoṣo tó ń parí sí .ova, ẹ sì lè fi Import Appliance ṣí i lórí ẹ̀rọ mìíràn tó ní VirtualBox. Bó bá kọ̀ láti wọ inú fláàṣì tó sì ní fáìlì náà tóbi jù, nígbà tí ààyè ṣì pọ̀ nínú fláàṣì, FAT32 ni wọ́n fi to fláàṣì yẹn. Kì í gba fáìlì kan tó bá ju 4GB lọ. Ẹ kó ohun tó wà nínú rẹ̀ síbòmíràn, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, ẹ mú Format, ẹ yan exFAT. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi máa ń ṣe tirẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Inú dúrọ́ọ̀ ìyá rẹ̀ ni fláàṣì náà ń gbé ní Nyanya, kì í bá láptọ́ọ̀pù wọ àpò kan náà.